Ilé tí Kò Gbọdọ̀ Mì: Ìtàn Bí Wọ́n Ṣe Ń Dáàbò Bo Ilé Ìmọ̀ Ẹ̀rọ lọ́wọ́ Ìgbọ̀nrìrì àti Ìmìtìtì Ilẹ̀

Ìfáárà

Ní àwọn orílẹ̀-èdè tí ilẹ̀ ti máa ń mì, ìbéèrè tó kọ́kọ́ gba àwọn ọ̀mọ̀lé lọ́kàn ni bí ilé kò ṣe ní wó pa ènìyàn. Ìbéèrè yìí ti pẹ́, kò sì tíì tán nílẹ̀. Ṣùgbọ́n láti nǹkan bí ọdún 1960 síwájú ni oríṣi ilé mìíràn ti ń pọ̀ sí i: ilé tí wọ́n ti ń ṣe ṣíìpù kọ̀ǹpútà, ilé tí wọ́n kó àwọn kọ̀ǹpútà ńláńlá sí, iyàrá ìwádìí tí maikirosikópù alágbára wà. Kí irú ilé bẹ́ẹ̀ má wó nìkan kò tó. Bí ó bá dúró digbí, ṣùgbọ́n tí ohun tó wà nínú rẹ̀ mì ju bó ti yẹ lọ, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ọ̀tá méjì ni irú ilé yìí ní. Àkọ́kọ́ ni ìmìtìtì ilẹ̀, èyí tí ó lè má wáyé fún ogún ọdún, ṣùgbọ́n tí agbára rẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ lọ́jọ́ tí ó bá dé. Ìkejì ni ìgbọ̀nrìrì kéékèèké tí kì í sinmi: ẹsẹ̀ òṣìṣẹ́ tó ń rìn lọ rìn bọ̀, ẹ̀rọ amúlétutù, ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kọjá lójú títì, ọkọ̀ ojú irin. Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà le ni pé oògùn tó wo àkọ́kọ́ sàn ni ó ń dá kún àìsàn èkejì. Ilé tí yóò bọ́ lọ́wọ́ ìmìtìtì ilẹ̀ ní láti lè yẹ̀ lórí ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ilé tí ìgbọ̀nrìrì kò ní yọ lẹ́nu ní láti le bí àpáta. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá lé eku méjì, òfo ni yóò mú bọ̀. Àwọn tí ìtàn wọn wà nínú iṣẹ́ yìí lé eku méjì nítorí pé kò sí bí wọ́n ṣe lè fi ọ̀kan sílẹ̀.

Ilé John Milne

Ìjà láàárín ìrọ̀rùn àti líle yìí kò bẹ̀rẹ̀ nínú ilé ṣíìpù. Ọmọ ìlú Liverpool ni John Milne. Ìjọba Jàpáánì ló gbà á láti wá kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìmọ̀ nípa ilẹ̀ àti ìwakùsà, ó sì dé Tokyo ní ọdún 1876. Lẹ́yìn tí ilẹ̀ mì ní Yokohama nínú oṣù Kejì ọdún 1880, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ onímọ̀ ìmìtìtì ilẹ̀ ti Jàpáánì sílẹ̀. Àmọ́ ìwé kíkọ nìkan kò tẹ́ Milne lọ́rùn. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 1885, ó ti kọ́ ilé kékeré kan sórí bọ́ọ̀lù irin. Ó fi àwo irin tí etí rẹ̀ ga díẹ̀ bo orí àwọn òpó ìpìlẹ̀, ó gbé bọ́ọ̀lù sórí àwo wọ̀nyí, ó sì gbé ilé lé bọ́ọ̀lù lórí. Èrò rẹ̀ rọrùn: bí ilẹ̀ bá sáré sọ́tùn-ún sósì, bọ́ọ̀lù yóò yí, ilé yóò sì dúró níbi tó wà.

Ohun tí Milne kò retí ni atẹ́gùn. Ilé tí ìmìtìtì ilẹ̀ kò lè mú ni ẹ̀fúùfù lásán ń tì káàkiri. Bọ́ọ̀lù tí ìbú rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 10 ni Milne fi bẹ̀rẹ̀. Ó dín in kù sí íǹṣì 8, lẹ́yìn náà sí íǹṣì 1, títí ó fi dé orí ọta irin wẹ́wẹ́ tí ìbú rẹ̀ kò ju ìdá kan nínú mẹ́rin íǹṣì kan lọ. Ọta wẹ́wẹ́ kì í yí wìnnìwìnnì bíi bọ́ọ̀lù ńlá. Ó ń họ ara mọ́ àwo irin, ìhọra yìí ló sì dá ilé dúró nínú atẹ́gùn. Bí Milne ṣe ń dín bọ́ọ̀lù kù yìí ṣe pàtàkì nínú ìtàn ju ilé náà fúnra rẹ̀ lọ. Òye tó fi hàn ni pé ohun tó wà lábẹ́ ilé gbọ́dọ̀ mọ ìyàtọ̀ láàárín agbára kékeré tí ó yẹ kó kọ̀ fún àti agbára ńlá tí ó yẹ kó gbà fún. Ó gbà tó nǹkan bí 90 ọdún lẹ́yìn náà kí wọ́n tó rí ohun èlò tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ní 1909, oníṣègùn kan ní Scarborough nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, J. A. Calantarients, gba ìwé àṣẹ lórí ilé tí wọ́n tẹ́ ìyẹ̀fun táákì sábẹ́ rẹ̀ kí ó lè máa yọ̀. Ọ̀nà kan náà ni òun àti Milne ń tọ̀.

Rọ́bà àti òjé

Rọ́bà ló gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú, ó sì yẹ ní àkíyèsí pé ìgbọ̀nrìrì ló kọ́kọ́ gbé rọ́bà wọ abẹ́ ilé, kì í ṣe ìmìtìtì ilẹ̀. Ní London ní 1966, wọ́n kọ́ Albany Court, ilé gbígbé alájà púpọ̀, sórí ibùdókọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ti St James's Park. Kí ariwo àti ìgbọ̀nrìrì ọkọ̀ ojú irin má baà dé yàrá àwọn tó ń gbé ibẹ̀, wọ́n gbé ilé náà lé rọ́bà tí wọ́n to irin pẹlẹbẹ sáàárín rẹ̀. Irin pẹlẹbẹ yìí ni kì í jẹ́ kí rọ́bà ya ikùn nígbà tí ẹrù ilé bá tẹ̀ ẹ́ láti òkè, síbẹ̀ kò dí i lọ́wọ́ láti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn èyí ni rọ́bà dé abẹ́ ilé nítorí ìmìtìtì ilẹ̀, ilé tó sì kọ́kọ́ jàǹfààní rẹ̀ jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 1963, ìmìtìtì ilẹ̀ ba ìlú Skopje jẹ́, ìlú tó wà ní Yugoslavia nígbà náà, tó sì jẹ́ olú-ìlú North Macedonia lónìí. Ó lé ní 1,000 ènìyàn tó kú. Àwọn ọmọ ilẹ̀ Switzerland wà lára àwọn tó ṣe ìrànlọ́wọ́, wọ́n sì kọ́ ilé ẹ̀kọ́ Pestalozzi fún ìlú náà, èyí tó parí ní 1969. Rọ́bà tí kò ní irin pẹlẹbẹ nínú ni wọ́n gbé ilé ẹ̀kọ́ náà lé, nítorí náà ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fi wú síta lábẹ́ ẹrù. Ṣùgbọ́n àwọn tó yàwòrán rẹ̀ ronú kan ìṣòro Milne. Wọ́n fi àwọn búlọ́ọ̀kù gíláàsì ti ilé náà mọ́ ipò kí atẹ́gùn àti ìrìn àwọn ọmọ má baà máa mì í. Bí ìmìtìtì ilẹ̀ ńlá bá dé, gíláàsì yóò fọ́, ilé yóò sì bọ́ sórí rọ́bà. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì tó bá mọ iṣẹ́ tí fíùsì ń ṣe nínú iná ẹ̀lẹ́tíríìkì yóò lóye ọgbọ́n yìí kíá. Àbùkù rẹ̀ ni pé ìgbà kan ṣoṣo ni gíláàsì lè fọ́.

William Robinson, onímọ̀ físíìsì ní iléeṣẹ́ ìwádìí ìjọba New Zealand, ló rí ohun tó lè ṣe irú iṣẹ́ fíùsì yìí lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láàárín àwọn ọdún 1970, ó lu ihò sáàárín rọ́bà onírin náà, ó sì ki òjé bọ̀ ọ́. Bí agbára tó ń tì í bá kéré, òjé le, kò yẹ̀. Bí agbára náà bá pọ̀, òjé á rọ̀, á máa fà, á sì sọ agbára ìmìtìtì ilẹ̀ di ooru. Nígbà tí ó bá tán, òjé yóò tún ara rẹ̀ ṣe láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi iná yọ́ ọ, nítorí pé ooru ojú ọjọ́ lásán tó fún un láti padà sí ipò rẹ̀. Ilé William Clayton ní Wellington, tó parí ní 1981, ni ilé àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé lé irú rọ́bà olójèé bẹ́ẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti wá rí ẹ̀rí pé irú ọ̀nà yìí lè gba ilé kọ̀ǹpútà là ni Jàpáánì. Ní ìdájí ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1995, ìmìtìtì ilẹ̀ pa ènìyàn tó lé ní 6,400 ní Kobe àti agbègbè rẹ̀. Ní Sanda, tó tó nǹkan bí 30 kìlómítà sí ojúbọ́ ìmìtìtì náà, ni ilé kọ̀ǹpútà ńlá kan wà tó jẹ́ ti ilé ìfowópamọ́ ìfìwéránṣẹ́. Rọ́bà 120 ló wà lábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ohun tí a fi irin àti òjé ṣe láti pa agbára. Mímì tí àwọn ẹ̀rọ ìwọ̀n rí ní àjà òkè ilé náà jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta èyí tó wà nínú ilẹ̀. Nínú ilé tí kò ní rọ́bà, òdìkejì rẹ̀ ni ó sábà máa ń rí: bí ènìyàn bá ṣe ń gòkè ni mímì ń pọ̀ sí i. Láti ọdún yẹn ni ilé orí rọ́bà ti di púpọ̀ ní Jàpáánì.

Ìgbọ̀nrìrì tí ara kò gbọ́

Bí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀ ni, gbogbo ilé ìmọ̀ ẹ̀rọ ì bá ti gun orí rọ́bà. Ilé ṣíìpù ni kò jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ti lo maikirosikópù lórí tábìlì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dọ́gba mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀: ojú lásán kò rí i pé tábìlì mì, ṣùgbọ́n ohun tó wà lábẹ́ gíláàsì ń jó. Bí wọ́n ṣe ń ṣe ṣíìpù jọ èyí. Ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ àwòrán wẹ́wẹ́ sórí awo sílíkọ́nì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọn yóò tẹ ìpele kan, wọn yóò tún tẹ òmíràn lé e, ọ̀pọ̀ ìgbà. Ẹni tó mọ iṣẹ́ aṣọ títẹ̀ aláwọ̀ púpọ̀ mọ̀ pé bí àwọ̀ kejì bá yẹ̀ kúrò lórí ìlà àkọ́kọ́, aṣọ ti bàjẹ́. Ti ṣíìpù yàtọ̀ ní ti ìwọ̀n. Bí a bá pín mítà kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ọ̀kan nínú rẹ̀ ni maikirómítà. Irun orí ènìyàn nípọn tó maikirómítà 70 sí 100. Ní ọdún 1999, ìlà tó wà lára ṣíìpù tó dára jù lọ kò ju maikirómítà 0.18 lọ, láti ìgbà náà ni ó sì ti ń tínrín sí i.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, Eric Ungar àti Colin Gordon ní Amẹ́ríkà ṣe òṣùwọ̀n kan tí àwọn ayàwòrán ilé ń lò káàkiri ayé títí di òní. Yíyára mímì ilẹ̀ ilé ni wọ́n ń wọ̀n, wọ́n sì fi lẹ́tà sí i láti A dé E. A fàyè gba maikirómítà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìpele kọ̀ọ̀kan tó tẹ̀ lé e jẹ́ ìlàjì èyí tó ṣáájú rẹ̀, títí dé E tí kò ju bíi 3 lọ. Ènìyàn kì í sì í mọ̀ pé ilẹ̀ ń mì bí kò bá tó nǹkan bí 100. Èyí túmọ̀ sí pé ilẹ̀ ilé tí ẹni tó dúró lórí rẹ̀ máa búra pé kò mì rárá lè jẹ́ ilẹ̀ tí kò ṣeé ṣe ṣíìpù lórí rẹ̀.

Ohun tí wọ́n ṣe sí i ni pé wọ́n mú ilé le. Pẹpẹ kọnkéré tó nípọn, tó ní ihò bí afárá oyin kí atẹ́gùn mímọ́ lè gba inú rẹ̀ kọjá sísàlẹ̀, ni wọ́n gbé ẹ̀rọ lé. Òpó tó wà lábẹ́ rẹ̀ pọ̀, wọ́n sì sún mọ́ ara wọn. Wọ́n kó àwọn ẹ̀rọ tó ń pariwo, bíi ẹ̀rọ omi àti fáànù, sí ilé mìíràn tí àlàfo pín níyà kúrò lára ilé ṣíìpù. Irú ilé bẹ́ẹ̀ kò fẹ́ rọ́bà lábẹ́ rẹ̀, nítorí pé rọ́bà tó ń jẹ́ kí ilé yẹ̀ lọ́jọ́ ìmìtìtì lè máa jẹ́ kí ó mì díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Ọ̀pọ̀ ilé ṣíìpù ayé ló fi ìpìlẹ̀ jókòó sórí ilẹ̀ gan-an, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì wà níbi tí ilẹ̀ ti ń mì. Ojoojúmọ́ ni iṣẹ́ ń wà, ìmìtìtì ilẹ̀ sì ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ti ojoojúmọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú.

Òru ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1999

Táíwàn ni wọ́n ti san owó ìpinnu yìí. Ìjọba ibẹ̀ dá ọgbà sáyẹ́ǹsì Hsinchu sílẹ̀ ní 1980. Ibẹ̀ ni Morris Chang dá iléeṣẹ́ TSMC sílẹ̀ sí ní 1987, iléeṣẹ́ tó ń bá àwọn ẹlòmíràn ṣe ṣíìpù tí àwọn fúnra wọn yàwòrán rẹ̀. Kí ó tó di òpin àwọn ọdún 1990, ayé ti gbójú lé Hsinchu ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti mọ̀ lọ.

Ní aago méjì òru ku ìṣẹ́jú 13, ìmìtìtì tí òṣùwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 7.6 bẹ́ sílẹ̀ ní Chi-Chi, ní àárín gbùngbùn erékùṣù náà. Ó lé ní 2,400 ènìyàn tó kú. Hsinchu wà ní nǹkan bí 100 kìlómítà sí ibẹ̀, àwọn ilé ṣíìpù kò sì wó. Ògiri dúró, òpó dúró. Àmọ́ àwọn páìpù gíláàsì quartz tó wà nínú àwọn ààrò tí wọ́n ti ń fi ooru ṣe iṣẹ́ lórí awo sílíkọ́nì fọ́, ẹ̀rọ yẹ̀ kúrò ní ipò, iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ sì di ìdọ̀tí. Ibi tó tún dunni jù kò sí nínú ọgbà náà rárá. Ibùdó iná ẹ̀lẹ́tíríìkì ti Chungliao, tó wà nítòsí ojúbọ́ ìmìtìtì, bàjẹ́, iná sì kú ní apá àríwá Táíwàn. Ilé ṣíìpù tí kò ní iná kò lè fọ atẹ́gùn rẹ̀ mọ́. Iyàrá tí wọ́n ti ń lé ekuru tipátipá di iyàrá bí àwọn yòókù. Ọjọ́ mélòó kan kọjá kí iná tó padà dé bó ti yẹ, kí ó tó padà ni owó ṣíìpù ìrántí sì ti fò sókè lọ́jà àgbáyé.

Ẹ̀kọ́ tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ kó nínú òru yẹn kò ní ìyìn nínú fún wọn. Wọ́n ti wo ilé bí ohun tí ó yẹ kí ó dúró; wọn kò wò ó tó bí ibi tí iṣẹ́ ń gbé. Ọ̀pọ̀ ohun tó bàjẹ́ ni ìdè irin àti nọ́ọ̀tì ì bá ti gbà là, owó wọn kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ẹ̀rọ tí wọ́n ń dè mọ́lẹ̀. Láti ìgbà náà ni dídè ẹ̀rọ mọ́ pẹpẹ, gbígbé àwọn páìpù quartz sórí ohun tó ń gba mímì mọ́ra, àti títọ́jú ẹ̀rọ amúnáwá ti di apá pàtàkì nínú iṣẹ́ ilé ṣíìpù.

Ọkọ̀ ojú irin ní Tainan

Ní àkókò kan náà ni ọ̀tá kejì ń bọ̀ láti ìhà gúúsù. Táíwàn ti bẹ̀rẹ̀ ọgbà sáyẹ́ǹsì mìíràn ní Tainan, ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin ayárabíàṣá tí wọ́n ń pète sì gba inú ọgbà náà kọjá lórí afárá. Ọkọ̀ tó ń sá eré 300 kìlómítà láàárín wákàtí kan máa ń fi ìgbọ̀nrìrì ránṣẹ́ gba òpó afárá wọ inú ilẹ̀, ilẹ̀ Tainan sì jẹ́ erùpẹ̀ rírọ̀ tí odò kó jọ, tí kì í tètè pa irú ìgbọ̀nrìrì bẹ́ẹ̀. Àwọn oníléeṣẹ́ gbé ohùn sókè. Ìjọba ní láti ná ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù dọ́là Táíwàn lórí iṣẹ́ tó mú ìpìlẹ̀ ọ̀nà náà le sí i kí ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn nínú oṣù Kìíní ọdún 2007, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àgbàṣe náà sì dé ilé ẹjọ́. Ìjọba kan náà ló fọwọ́ sí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin, òun náà ló sì pe àwọn oníléeṣẹ́ wá sí ọgbà. Ó ṣòro láti gbà pé kò sí ẹni tó lè gbé máàpù méjèèjì lé ara wọn ṣáájú.

Tainan yìí kan náà ni ilẹ̀ mì sí ní ọjọ́ 6 oṣù Kejì ọdún 2016, ní òṣùwọ̀n 6.4. Ní ilé ṣíìpù, awo sílíkọ́nì tó wà lórí iṣẹ́ bàjẹ́, iléeṣẹ́ sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ní ìlú, ilé gbígbé alájà púpọ̀ kan wó lulẹ̀, ó sì pa ènìyàn 115 nínú 117 tí ìmìtìtì náà pa. Kí ọdún náà tó parí, ilé ẹjọ́ ti fi ẹni márùn-ún tó lọ́wọ́ nínú kíkọ́ rẹ̀ sí ẹ̀wọ̀n. Ìmọ̀ tó lè dá ilé dúró wà nínú ìlú kan náà. Àwọn tó kọ́ ilé gbígbé yẹn ni kò lò ó.

Láti 2011 dé 2025

Ìrírí Jàpáánì fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti Táíwàn nìkan. Ìmìtìtì ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2011, tí òṣùwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 9.0, dá iléeṣẹ́ Renesas ní Naka dúró. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ṣíìpù tí ń darí ẹ̀rọ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ tí ọ̀rọ̀ kàn rán òṣìṣẹ́ wá ṣèrànwọ́, títí tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ àtúnṣe fi tó 2,500 lóòjọ́, iṣẹ́ sì padà bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù Kẹfà. Nínú oṣù Kẹrin ọdún 2016, ilẹ̀ mì lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọjọ́ mẹ́ta ní Kumamoto, iléeṣẹ́ Sony tó wà ní Kikuyo, tó ń ṣe ṣíìpù fún kámẹ́rà, sì dúró. Ó di òpin oṣù Keje kí ó tó ṣiṣẹ́ ní kíkún.

Ohun tuntun tó wọ inú ààbò láàárín àkókò yìí ni ìkìlọ̀. Ìgbì méjì ni ìmìtìtì ilẹ̀ máa ń rán jáde. Èyí tó yára, tí kò fi bẹ́ẹ̀ le, ń rìn tó kìlómítà 6 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Èyí tó ń ba nǹkan jẹ́ ń rìn tó bíi 3.5. Níbi tó jìnnà tó 100 kìlómítà, ìṣẹ́jú-àáyá méjìlá ló wà láàárín wọn. Méjìlá kéré fún ẹni tó fẹ́ sá jáde nínú ilé alájà mẹ́wàá, ṣùgbọ́n ó tó fún ẹ̀rọ láti gbé ọwọ́ kúrò lórí awo sílíkọ́nì kí ó sì ti fáwẹ́ẹ̀lì gáàsì olóró.

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin ọdún 2024, ìmìtìtì tó le jù lọ ní Táíwàn láti 1999 ṣẹlẹ̀ ní Hualien, ní etíkun ìlà-oòrùn. Òṣùwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 7.4. TSMC kéde pé láàárín wákàtí mẹ́wàá, ó lé ní ìdá 70 nínú 100 ẹ̀rọ rẹ̀ tó ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Àdánù rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí bílíọ̀nù 3 dọ́là Táíwàn. Ṣùgbọ́n nínú oṣù Kìíní ọdún 2025, ìmìtìtì tó kéré sí i gan-an mì agbègbè Chiayi, tí kò jìnnà sí Tainan, iléeṣẹ́ kan náà sì pàdánù nǹkan bí bílíọ̀nù 5.3. Òṣùwọ̀n nìkan kò sọ ohun tí ilẹ̀ yóò ṣe. Ìjìnnà àti irú erùpẹ̀ tó wà lábẹ́ ìpìlẹ̀ ní ohùn nínú rẹ̀.

Síbẹ̀, àwọn oníléeṣẹ́ kò kó kúrò níbi tí ilẹ̀ ti ń mì. Ibi tí omi mímọ́ wà, tí àwọn òṣìṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ wà, tí àwọn tó ń ta ohun èlò wà, ni wọ́n ń lọ. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejì ọdún 2024, TSMC àti àwọn alájọṣe rẹ̀ ṣí ilé ṣíìpù tuntun ní Jàpáánì. Kikuyo ni wọ́n kọ́ ọ sí, nítòsí iléeṣẹ́ Sony tí ìmìtìtì 2016 dá dúró.